Pin tó ń pe kernel fúnra rẹ̀: bí a ṣe ń ka omi lórí bọ́ọ̀dù Linux láì pàdánù ẹyọ kan

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ píọ̀wọ́tà kan ní Odogunyan, Ìkòròdú, ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ iye lítà omi tó ń jáde nínú táńkì lójúmọ́. Mo fi sẹ́ńsọ̀ YF-S201, tó ń ka omi tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, sójú páìpù, mo so wáyà yẹ́lò rẹ̀ mọ́ GPIO17 (ọ̀kan nínú àwọn pin tí a fi ń so nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù) lára Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo Linux, mo wá kọ loop Python tó ń wo pin yẹn, tó ń sùn fún 0.01 ìṣẹ́jú àáyá kó tó tún wò ó. Tí mo bá pọn kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, 16 tàbí 17 ló ń kà. Tí mo bá ṣí táàpù sí i, ńṣe ló tún ń kà kéré sí i. Tí mo bá yọ sleep kúrò, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n core CPU kan á wà ní 100% títí. Wọ́n ní kí n lo interrupt. Mo tẹ `echo 17 > /sys/class/gpio/export`, ó dá mi lóhùn pé “Invalid argument”. Èyí tó wá sú mi jù: tí súmò bá ti tan, iye á máa gòkè nígbà tí omi kankan ò ṣàn. Wáyà sẹ́ńsọ̀ náà gùn tó mítà 15.

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù, ẹ yọ wáyà yẹ́lò yẹn kúrò lára GPIO17 ná. Iná 5 V ni sẹ́ńsọ̀ yín ń jẹ, pin Raspberry Pi kò sì gbọdọ̀ rí ju 3.3 V lọ. Púpọ̀ nínú YF-S201 tó wà lọ́jà ní rẹ̀sísítọ̀ 10 kΩ nínú, tó so wáyà yẹ́lò mọ́ wáyà pupa. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, 5 V ló ń bọ̀ lára yẹ́lò. 10 kΩ yẹn ló ń dín agbára rẹ̀ kù tí pin yín kò fi tíì jó, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe pin náà fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. A máa padà sórí wáyà náà láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí lítà mẹ́jọ yẹn ń gbà sọnù, torí nọ́ńbà tí ẹ mú wá ti sọ gbogbo rẹ̀. YF-S201 ń ta pulse 450 (iná tó gòkè tó sì tún wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni pulse kan) fún lítà kan. Tí ẹ bá fi 7.5 ṣe ìlọ́po iye lítà tó ń ṣàn ní ìṣẹ́jú kan, iye pulse tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ rí yẹn. Tí kẹ́ẹ̀gì 25 lítà bá ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó kún, omi yín ń ṣàn ní lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, pulse 60 ló sì ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Loop yín ń yọjú wo pin nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dà bíi pé 100 ju 60 lọ, ó yẹ kó tó. Kò tó. Pulse kan ní ìgbà tí iná wà lókè àti ìgbà tó wà nílẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ bá méjèèjì nídìí iṣẹ́ wọn kí ẹ tó lè kà á: ó kéré tán, ẹ nílò ju ìgbà 120 lọ. Nínú 60 yẹn, 40 péré ni ojú loop yín ń tó. Ìdá méjì nínú mẹ́ta lítà 25 sì ni 16.7.

Ìdí tó fi ń dín kù bí ẹ bá ṣí táàpù sí i náà nìyẹn. Ní lítà 12 ní ìṣẹ́jú kan, pulse 90 ló ń jáde, loop tó ń wò ó nígbà 100 á rí 10 péré nínú wọn. Kẹ́ẹ̀gì kan náà á wá di lítà mẹ́ta tí kò pé. Kò sí nọ́ńbà tí ẹ lè fi ṣe ìlọ́po rẹ̀ láti tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe, torí bí omi ṣe ń yára ni àṣìṣe náà ń yí padà.

Ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìkòròdú kì í sáré lọ sétí odò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ó jókòó ti ọjà rẹ̀. Tó bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì, á dìde. Bí interrupt ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ GPIO tó wà nínú chip fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ pin náà. Bí iná bá ti já láti 3.3 V wálẹ̀ sí 0, á pe CPU, kernel (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) á kọ àkókò tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, á to ìṣẹ̀lẹ̀ náà sórí ìlà, á wá jí prógíráàmù yín tó ń sùn. Bí pulse ò bá wá, prógíráàmù yín ò jẹ CPU rárá. Bí prógíráàmù bá sì pẹ́ díẹ̀ kó tó jí, àkókò tí kernel kọ sílẹ̀ ṣì tọ̀nà, torí kò dúró de prógíráàmù kó tó kọ ọ́.

Wàyí o, wáyà. Èmi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ méjì pín 5 V sí 3.3 V bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń yà á. Wọ́n á ní 1.8 kΩ lókè, 3.3 kΩ nísàlẹ̀. Lórí ìwé, 3.24 V ló ń fúnni. Ṣùgbọ́n 10 kΩ tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ náà wà lójú ọ̀nà kan náà, àpapọ̀ rẹ̀ á di 15.1 kΩ, ohun tó sì máa dé ọ̀dọ̀ pin ò ní ju 1.1 V lọ. Pi á máa rí i bíi pé iná ò gòkè rí, ẹ ò sì ní rí interrupt kankan. Tí wáyà bá kúrú, tí 10 kΩ yẹn sì wà nínú sẹ́ńsọ̀ lóòótọ́, rẹ̀sísítọ̀ 18 kΩ kan ṣoṣo láti yẹ́lò sí ground (wáyà dúdú, 0 V) ti tó: 5 × 18 ÷ 28, ó jẹ́ 3.2 V.

Ẹ fi mítà dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ fún sẹ́ńsọ̀ ní 5 V, ẹ fi yẹ́lò sílẹ̀ láì so ó mọ́ nǹkan kan, ẹ wọn yẹ́lò sí dúdú, ẹ wá fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ wọ inú rẹ̀ kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ máa yí. Tí mítà bá ń fò láàárín 0 àti 5, tàbí tó dúró sí nǹkan bí àárín wọn, 10 kΩ wà nínú rẹ̀. Tó bá dúró sí nǹkan bí 0 bó ti wù kí ẹ fẹ́ ẹ tó, kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi 10 kΩ so yẹ́lò mọ́ 3.3 V.

Fún wáyà mítà 15 tó wà nítòsí súmò, optocoupler PC817 ni kí ẹ lò; ìmọ́lẹ̀ LED inú rẹ̀ ló fi ń gbé àmì kọjá láì so wáyà apá méjèèjì pọ̀. Kò wọ́n, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ charger àtijọ́. Bí ẹ ṣe máa so ó nìyí: láti 5 V, rẹ̀sísítọ̀ 1 kΩ lọ sí ẹsẹ̀ 1 PC817, ẹsẹ̀ 2 lọ sí wáyà yẹ́lò. Ní apá kejì, ẹsẹ̀ 4 lọ sí GPIO17, rẹ̀sísítọ̀ 10 kΩ láti GPIO17 sí 3.3 V, ẹsẹ̀ 3 sí ground Pi. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ bá fa yẹ́lò wálẹ̀, nǹkan bí 3.8 mA á gba inú LED PC817 kọjá, apá kejì á sì fa GPIO17 wálẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀nà yìí ni pé, bóyá 10 kΩ wà nínú sẹ́ńsọ̀ tàbí kò sí, kò yí nǹkan kan padà, 5 V ò sì ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Pi láéláé. Ẹ fi charger 5 V ọ̀tọ̀ bọ́ sẹ́ńsọ̀ náà. Tí ẹ bá mú 5 V àti ground láti ara Pi kan náà, ìyàsọ́tọ̀ tí optocoupler wà fún ti dòfo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3.8 mA ṣì ń ran yín lọ́wọ́: ariwo iná tó lè ti wáyà tí kò ní ẹrù kankan gọ̀n-ọ́n gọ̀n-ọ́n kì í sábà lágbára tó láti tan LED.

Torí ibẹ̀ ni omi irọ́ yín ti ń wá. Nígbà tí contactor súmò (switch ńlá tó ń tan súmò) bá gbá, iná á ta pàrà, wáyà mítà 15 yín á gbé e bí eriali. Pi ò mọ̀ pé kì í ṣe omi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wáyà sẹ́ńsọ̀ gba inú páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà súmò. Tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ kọjá lórí ara wọn, kí wọ́n dábùú ara wọn bí àgbélébùú. Tí ẹ bá rí wáyà tó ní shield (irin tó yí i ká), ẹ so shield náà mọ́ ground ní ìkángun kan péré, níbi àpótí bọ́ọ̀dù. Ẹ ní kí oníná yín fi snubber tó ń pa iná tó ń ta pàrà, ìyẹn rẹ̀sísítọ̀ 100 Ω pẹ̀lú kapásítọ̀ X2 0.1 µF tó gba 275 V AC, sórí coil contactor náà. Oníná tó mọṣẹ́ ni kó ṣe ìyẹn o, ẹ má dá a ṣe.

Lẹ́yìn náà, kapásítọ̀ 22 nF láti GPIO17 sí ground. Pẹ̀lú 10 kΩ tó ti wà níbẹ̀, ó ń fún yín ní 0.22 ms. Ariwo tó kúrú ju ìyẹn lọ dáadáa á kú síbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ yín kì í kọjá lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn pulse 225 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdajì pulse kan á sì jẹ́ 2.2 ms. 0.22 ms ò ní dí i lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí ibí yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. Libgpiod, láíbìrì tí a fi ń lo GPIO lórí Linux, ní ohun tó ń jẹ́ debounce: kernel á dúró kí iná tó ń gbọ̀n rọlẹ̀ ná kó tó gbà pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ lè ní kí ló dé tí ẹ fi ń ra kapásítọ̀ nígbà tí ẹ lè kọ 1 ms sínú kóòdù. Chip Raspberry Pi 4 kò ní debounce tirẹ̀, kernel ló ń fi sọ́fítíwíà ṣe é, ìka aago kernel ló sì fi ń wọn àkókò rẹ̀. Ẹ tẹ `grep CONFIG_HZ= /boot/config-$(uname -r)`. Tó bá jẹ́ 250, ìka aago kan jẹ́ 4 ms. Bí ẹ bá bèèrè 1 ms, ó lè tó 4 ms tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dáhùn. Ní lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì pulse yín jẹ́ 3.3 ms: kí kernel tó gbà pé iná já wálẹ̀, ó ti tún gòkè padà, ìdúró náà á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Omi á máa ya wàràwàrà, mítà yín á kọ òdo. Debounce sọ́fítíwíà dára gan-an fún float switch (switch tó ń léfòó lórí omi) inú táńkì, 50 ms sí i kò burú. Fún sẹ́ńsọ̀ tó ń sáré bí èyí, ẹ má lò ó rárá. Kapásítọ̀ ni.

“Invalid argument” yẹn ò le. `/sys/class/gpio` ti di ohun àtijọ́. Láti Linux 4.8, ọdún 2016, ni wọ́n ti fi `/dev/gpiochip0` àtàwọn ìyókù rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Lórí kernel 6.6 ti Raspberry Pi, nọ́ńbà inú sysfs (`/sys` yẹn) bẹ̀rẹ̀ láti 512, torí náà 17 kò sí níbẹ̀ mọ́, 529 ló dà. Ẹ má lọ kọ 529 sínú kóòdù o; ó lè tún yí padà lọ́la. Ohun kan náà ló ń fa “Failed to add edge detection” fún àwọn tó ń lo RPi.GPIO, láíbìrì Python àtijọ́ fún GPIO. Tó bá jẹ́ kóòdù àtijọ́ tí ẹ ò fẹ́ tún kọ, rpi-lgpio gba ipò rẹ̀ láì yí kóòdù padà.

Ẹ fi `sudo apt install gpiod` gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sí orí Pi, kí ẹ sì wo ẹ̀yà tó jẹ́ pẹ̀lú `gpiomon --version`, torí àṣẹ wọn yàtọ̀. Bookworm (ẹ̀yà Raspberry Pi OS kan) ń gbé 1.6 wá:

```
gpiomon --falling-edge --bias=disable gpiochip0 17
```

Tó bá jẹ́ 2 sókè:

```
gpiomon --chip gpiochip0 --edges falling --bias disabled 17
```

Ẹ ṣí omi díẹ̀. Ìlà kan gbọ́dọ̀ máa jáde fún pulse kọ̀ọ̀kan. A pa bias (rẹ̀sísítọ̀ inú chip fúnra rẹ̀) torí 10 kΩ tí ẹ fúnra yín fi síta ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn. GPIO17 máa ń jí pẹ̀lú pull-down (rẹ̀sísítọ̀ tó ń fa pin wálẹ̀) nínú, kò sì yẹ kí ó máa bá 10 kΩ yín fà á. Tó bá ní “Device or resource busy”, `gpioinfo` á fi orúkọ prógíráàmù tó di pin náà mú hàn yín. Ó sábà máa ń jẹ́ script àná tí ẹ gbàgbé láti pa.

Kóòdù náà rèé. Ẹ gbé gpiod ẹ̀yà 2 wá pẹ̀lú `pip install gpiod` nínú venv (àyè ọ̀tọ̀ fún láíbìrì Python):

```
import time
import gpiod
from gpiod.line import Edge, Bias

PULSE_LITA = 450.0

with gpiod.request_lines(
    "/dev/gpiochip0",
    consumer="mita-omi",
    event_buffer_size=256,
    config={17: gpiod.LineSettings(
        edge_detection=Edge.FALLING,
        bias=Bias.DISABLED)},
) as req:
    iye = 0
    ikosile = time.monotonic()
    while True:
        if req.wait_edge_events(1.0):
            for ev in req.read_edge_events():
                iye = ev.line_seqno
        if time.monotonic() - ikosile >= 60:
            print(round(iye / PULSE_LITA, 2), flush=True)
            ikosile = time.monotonic()
```

Ẹ wo `line_seqno` dáadáa. N kò kọ `iye += 1`. Ìdí ni pé ìlà tí kernel ń to ìṣẹ̀lẹ̀ sí ní ààyè tó níwọ̀n: tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, ìṣẹ̀lẹ̀ 16 péré ló ń gbà fún pin kan. Ní pulse 150 ní ìṣẹ́jú àáyá, 16 á kún láàárín nǹkan bíi 107 ms. Memory card tó bá dá dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá nígbà tí ẹ ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ ti tó láti jẹ́ kó kún àkúnwọ́sílẹ̀, àwọn kan á sì ṣègbé. Mo fi 256 sí i kí ó lè gba tó ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n pàápàá tó bá ṣì kún, kernel ń fún gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ kó tó gbìyànjú láti tò ó sórí ìlà. Èyí tó ṣègbé náà ti gba nọ́ńbà. Torí náà `line_seqno` ìṣẹ̀lẹ̀ tó kẹ́yìn ni iye tòótọ́. Nọ́ńbà yìí nílò kernel 5.10 sókè. Bí script bá tún bẹ̀rẹ̀, 1 ló máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi àpapọ̀ tàtẹ̀yìnwá pamọ́ sínú fáìlì ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, kí iná tó lọ má bàa kó iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ.

Bó bá jẹ́ pé iye lásán lẹ fẹ́, tí ẹ ò nílò láti mọ àkókò pulse kọ̀ọ̀kan, kernel lè dá a kà láì jí prógíráàmù kankan. Driver rẹ̀ ń jẹ́ `interrupt-counter`. Ẹ máa kọ overlay (àfikún) kékeré fún un nínú device tree, àkọsílẹ̀ tó ń sọ ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù fún kernel, pẹ̀lú `interrupts = <17 2>`, níbi tí 2 túmọ̀ sí ìgbà tí iná bá já wálẹ̀; iye rẹ̀ á wà ní `/sys/bus/counter/devices/counter0/count0/count`. Kernel yín gbọ́dọ̀ ní CONFIG_INTERRUPT_CNT, ẹ wò ó nínú fáìlì config tí a fi wo HZ lókè yẹn. Fún sẹ́ńsọ̀ kan péré, Python òkè yẹn tó yín. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ mẹ́fà tó ń di omi lẹ́ẹ̀kan náà, èmi á lọ sí èyí.

Tí ẹ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀dù mìíràn nítorí owó, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo pin lórí gbogbo bọ́ọ̀dù ló lè ṣe interrupt. Lórí Orange Pi tó ń lo chip Allwinner H3, ìdílé pin tí wọ́n ń pè ní PA, PG àti PL nìkan ló lè ṣe é. PC àti PD kò lè ṣe é, bó ti wù kí kóòdù yín dára tó. Gbogbo GPIO orí header (ìlà pin) Raspberry Pi ló ń ṣe é.

Ó ku ìwọ̀n. 450 tí wọ́n kọ yẹn kì í dọ́gba lórí gbogbo sẹ́ńsọ̀, ó sì máa ń yí díẹ̀ pẹ̀lú bí omi ṣe ń yára àti bí ẹ ṣe gbé e sójú páìpù. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tí ẹ dá lójú, kì í ṣe èyí tí oòrùn ti wú, ẹ pọn ọ́n nígbà mẹ́ta, kí táàpù wà bó ṣe máa ń wà lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ kọ iye pulse ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó wà nítòsí 11,250. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ fi 75 pín in, ohun tó bá jáde ni kí ẹ fi rọ́pò 450 nínú kóòdù. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jìnnà síra wọn gan-an, afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù tàbí ìdọ̀tí wà lára abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tún wọ̀n ọ́n.

Kí ẹ tó pa àpótí náà dé, ẹ ti táàpù pa pátápátá, kí script náà ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ:

```
grep mita-omi /proc/interrupts
```

Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tan súmò, ẹ pa á, ẹ tún tan án, nígbà mẹ́wàá. Ẹ tún àṣẹ yẹn tẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé. Tó bá fi ẹyọ kan ṣoṣo lé, ẹ padà sídìí wáyà, ẹ má padà sídìí kóòdù: ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà sẹ́ńsọ̀ ti sún mọ́ wáyà súmò jù, lẹ́yìn náà ìkángun tí ẹ so shield mọ́.